Afẹ́fẹ́ Tó Ṣáájú Òjò: Ọjọ́ Tí Ìjì Jà Lóde Ìnáwó ní Bàrígà

Òde òkú àgbà ni. Àwọn ọmọ olóògbé gba kánópì mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, a sì tò wọ́n sí ojú títì kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, ní ọjọ́ Sátidé kan tí oṣù Kẹta ń parí lọ. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, márùn-ún nínú kánópì mẹ́jọ ti di irin wíwọ́, apá ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ti kán, òpó ti la ìyá àgbà kan níwájú orí, pánù ilé méjì sì ti há sórí wáyà iná.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo wa là ń sá fún òjò, bẹ́ẹ̀ òjò kọ́ ló ṣe wá léṣe.

Tíṣà ni mí. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Ṣómólú. Tó bá di Sátidé, mo máa ń bá Bọ̀dá mi kó kánópì àti àga. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, pẹ̀lú aago tí mò ń wò lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí ojú mi rí.

Láti àárọ̀ ni ooru ti mú. Ooru tó ń lẹ aṣọ mọ́ èèyàn lẹ́yìn ni. Òógùn ń yọ, kò gbẹ. Ọmọ Èkó tó bá rí irú ooru bẹ́ẹ̀ á ní òjò ń bọ̀, wọn ò sì purọ́. Omi ti kún inú afẹ́fẹ́ débi pé kò ráyè gba òógùn ara wa mọ́ra ni kò fi gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ orí òkun Àtìláńtíìkì á máa ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn wọlé, á máa lé afẹ́fẹ́ gbígbẹ padà sókè lọ́hùn-ún, lápá Òkè Ọya. Omi ló rù wọ̀lú. Omi tí a kò fojú rí yẹn, tó kàn ń mú wa làágùn, òun ni epo tí ìjì máa jó. Nígbà tí mo wo fóònù mi ní aago kan ọ̀sán, ìwọ̀n 33 ní Celsius ló wà.

Ojú títì tí wọ́n dà ní ọ̀dà la to kánópì sí, ìṣó irin ò sì lè wọlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé ká fi okùn so ẹsẹ̀ kánópì mọ́ bulọ́ọ̀kù, mọ́ irin ẹnu gọ́tà, tàbí mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n páàkì síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀, tó ń ràn sójú àwọn àlejò, ìyá olóde ní ká bá òun ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kánópì. A ta á sí apá ìwọ̀ oòrùn. A fi apá ìlà oòrùn, tó kọjú sí ọ̀sà, sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, mo ń bọ̀ wá bá a.

Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù, Bọ̀dá mi rán mi lọ ra iyanrìn sínú àpò létí omi, torí bulọ́ọ̀kù ò kárí. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ àwọn ọkọ̀ oníyanrìn tí ìgbòkun wọn jẹ́ àpò àti tapólì tí wọ́n rán pọ̀. Mo rí bàbá Ìlàjẹ kan tó ń ká ìgbòkun tirẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì dára. Mo kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ ti ṣíwọ́ nìyẹn?" Kò wojú ọ̀run rárá kó tó dá mi lóhùn, omi ló ń wò. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ yìí máa tó dákẹ́. Tó bá ti dákẹ́, kó o wá ibi wọ̀."

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè. Lókè ọ̀sà, lọ́nà ibi tí oòrùn ti ń yọ, òkìtì funfun kan dìde, ó funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ó ń hó. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò: ó ń ru sókè bí ọ̀gì tó ń hó lórí iná, ìwú kan á yọ, òmíràn á yọ lórí rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kún àpò mẹ́fà fún mi, mo sì ń fojú ara mi rí bó ṣe ń ga sí i. Cumulonimbus ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é. Èdè Látìnì ni: cumulus ni òkìtì, nimbus ni òjò.

Bí òkìtì yẹn ṣe ń dìde nìyí. Ilẹ̀ tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ á mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án gbóná. Afẹ́fẹ́ náà á fúyẹ́, á gbéra. Bó ti ń gòkè ni á máa fẹ̀, bó sì ti ń fẹ̀ ni á máa tutù. Ẹni tí èyí bá ṣòro fún láti gbà, kó lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kó fi ìka sí ẹnu táyà nígbà tí wọ́n bá ń tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀: tútù ni yóò bá a, bí táyà ọ̀hún tiẹ̀ ń gbóná. Tí afẹ́fẹ́ bá gòkè tó kìlómítà kan, ó ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 tutù. Kò ní pẹ́ dé ibi tí kò lè ru omi inú rẹ̀ mọ́, omi náà á sì di ìkùukùu. Ibi tó ti di ìkùukùu yẹn ni ìsàlẹ̀ àwọsánmà, òun ló fi máa ń tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

Bó bá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀ ni, kò ní sí ìjì. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìjì wà lẹ́yìn kánópì kẹta lọ́jọ́ náà. Alásè tó ń se ìrẹsì ṣí ìdérí ìkòkò, ooru ta sí i lọ́rùn ọwọ́, ó sì pariwo. Gbogbo ẹni tó ń dáná ló mọ̀ pé ooru ìkòkò ń bó èèyàn ju omi gbígbóná lọ. Iná tí èèyàn máa dá kí omi lítà kan tó gbẹ tán nínú ìkòkò lé ní ìlọ́po márùn-ún iná tó máa mú omi kan náà hó láti ìgbà tó ti tutù bíi yìnyín. Gbogbo iná yẹn kò ṣègbé. Inú ooru ló sá pamọ́ sí, ìgbà tí ooru bá tún padà di omi lára ọwọ́ èèyàn ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè. Oòrùn ti lo agbára rẹ̀ láti fa omi lórí òkun. Nígbà tí omi náà bá padà di ìkùukùu, agbára yẹn á jáde sínú àwọsánmà, á mú un gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká, á sì tún tì í sókè. Bó bá ti ń gòkè, omi púpọ̀ sí i á di ìkùukùu, ìgbóná púpọ̀ sí i á jáde. Ara rẹ̀ ló fi ń jẹun.

Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó lè gòkè tó kìlómítà 16 kó tó kan òrùlé tí kò lè dá lu, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí. Ọkọ̀ òfurufú èrò kì í sábà fò ju kìlómítà 10 sí 12 lọ. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ òfurufú fi máa ń yà fún un.

Mo gbé iyanrìn dé, mo bá Bọ̀dá mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo ìlà oòrùn."

"Mo ti rí i. Èéfín iná alásè ńkọ́, ibo ló ń lọ?"

Mo wò ó. Èéfín náà ń fì lọ sápá ọ̀sà, lọ sọ́dọ̀ àwọsánmà yẹn gan-an.

"Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ń tì í lọ ni. Ọ̀hún ló máa rọ̀ sí."

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń yà á sójú bọ́ọ̀dù fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti jókòó, dííjéè ti ń lù, wọ́n ti san owó fún ẹnì kan tó máa bá wọn dá òjò dúró, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀. Mo so àpò iyanrìn mi, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí ó yẹ kí n sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ nílẹ̀ kọ́ ló ń darí irú ìjì yìí. Èéfín tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọsánmà, oúnjẹ ló ń gbé lọ fún un. Lókè, níbi bíi kìlómítà mẹ́ta sílẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn wà ní ìhà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa yìí, tó ń ti ìlà oòrùn fẹ́ lọ sí ìwọ̀, tó sì lágbára. Òun ló ń da ìjì wá. Láti oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé lápá ìparí ọdún, àwọn òkìtì àwọsánmà máa ń so kọ́ra bí ẹni tó tò sórí ìlà, wọ́n á jọ máa rìn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, lòdì sí afẹ́fẹ́ tí à ń fi ara gbà nílẹ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Hamilton àti Archbold, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, ti kọ nípa irú ìlà ìjì yìí ní Nàìjíríà láti 1945. Ojú ọ̀nà ìjì tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ sì ni etí ọ̀sà Bàrígà wà, láìsí igi, láìsí òkè tó máa dá a dúró lórí omi.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 31: mònàmáná kọ. Mo ń ka á lábẹ́ èémí: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí àrá tó sán. Ìró máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta rin kìlómítà kan, nítorí náà ó jìnnà tó kìlómítà 10. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, òmíràn kọ: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Kìlómítà márùn-ún. Ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rin kìlómítà márùn-ún, ìyẹn 50 láàárín wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì dánfó tó ráyè lórí afárá Third Mainland ló ń sáré bẹ́ẹ̀.

Àrá yìí náà ní orísun rẹ̀ nínú òkìtì. Tí àwọsánmà bá ti ga kọjá nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, ó ti wọ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Yìnyín kéékèèké tó fúyẹ́ ń gòkè, èyí tó ti wúwo ń já bọ̀, wọ́n á sì máa kọ lu ara wọn. Ìfarakanra yẹn ló ń pín iná mànàmáná: àwọn tó ń gòkè á gbé ìhà kan lọ sókè, àwọn tó ń já bọ̀ á gbé ìkejì sísàlẹ̀, títí àyè ò fi ní gba wọ́n mọ́. Ojú ọ̀nà tí mònàmáná bá gbà lè gbóná tó ìwọ̀n 30,000 ní Celsius, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fẹ̀ lójijì, òun sì là ń gbọ́ bí àrá.

Nígbà yẹn òkìtì kò funfun mọ́. Ọ̀já dúdú kan nà láti ìpẹ̀kun ọ̀sà kan dé ìkejì, abẹ́ rẹ̀ sì rí bí eérú. Afárá Third Mainland ṣì hàn kedere. Omi tó wà níwájú ọ̀já náà ti dúdú, ìgbì funfun sì ń sáré lórí rẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìṣẹ́jú 38. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ lára èéfín alásè: ó dìde ṣánṣán bí òpó. Mo rí abọ́ ike kan lórí tábìlì tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ tó wá dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni èéfín tẹ̀, ó tẹ̀ sí apá kejì, sọ́dọ̀ wa. Òórùn ilẹ̀ tútù dé kí òjò tó dé. Òtútù tẹ̀ lé e, òtútù tó mú kí àwọn ìyá fa ìborùn wọn mọ́ra. Ariwo pánù la gbọ́ tẹ̀ lé e, láti ilé tó sún mọ́ omi jù lọ, ó ń bọ̀ lát'ilé dé'lé.

Ẹnì kan pariwo, "Òjò ti dé o!" Gbogbo àwọn tó wà níta, tó ń jó, tó ń pín oúnjẹ, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́nu gọ́tà, gbogbo wọn sá wọ abẹ́ kánópì.

Ẹ rántí aṣọ tí a ta sí apá ìwọ̀ oòrùn. Afẹ́fẹ́ wọlé láti ìlà oòrùn, kò ríbi gbà jáde. Kánópì wú bí àpò tí wọ́n ya ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré tó kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń ti gbogbo mítà kan níbùú lóròó pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 24. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Tí ìsáré rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Mi ò ní irin iṣẹ́ tí mo fi lè wọn afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé aṣọ ẹ̀gbẹ́ nìkan lára kánópì kan lé ní ìlọ́po mẹ́wàá irú àyè mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀, ẹ wá bá mi fi ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì wo bulọ́ọ̀kù mẹ́rin tí a so mọ́ ọn. Kánópì kejì ló kọ́kọ́ fò. Ó gbé bulọ́ọ̀kù rẹ̀ dání, ó sì já lé ìkẹta. Òpó ìkẹta ló gba ìyá àgbà náà níwájú orí. Ọmọkùnrin yẹn di òpó ìkẹrin mú, ó rò pé òun lè bá wa dá a dúró. Ọmọ tó láájò ni. Irin náà yí mọ́ ọn lápá.

Mo ń pariwo pé kí wọ́n jáde lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wọ inú ilé. Ohùn mi ò ju ti sípíkà lọ.

Ìṣẹ́jú 43 ni òjò tó dé, ẹ̀kán ńláńlá tó tutù. Afẹ́fẹ́ ti ń rọlẹ̀ nígbà yẹn. Fóònù mi ní ìwọ̀n 24.

Ibo ni òtútù yẹn ti wá? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn. Inú àwọsánmà ni. Tí òjò bá pọ̀ jù èyí tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lè gbé, á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, á sì máa fa afẹ́fẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà lókè. Òjò tó bá já gba inú rẹ̀ kọjá, púpọ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó dé ilẹ̀, bó ti ń gbẹ á máa gba ìgbóná lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tó dúró sójú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ náà á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀. Bí omi tí wọ́n dà lójijì sí orí sìmẹ́ǹtì ṣe ń tàn káàkiri, bẹ́ẹ̀ ló ń tàn, iwájú rẹ̀ sì máa ń ṣáájú òjò dé. Tetsuya Fujita, ọmọ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ayé fọkàn sí bí afẹ́fẹ́ tó ń já lulẹ̀ yìí ṣe léwu tó, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú kan já ní New York ní oṣù Kẹfà 1975, tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Afẹ́fẹ́ yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣí pánù wa láti oṣù Kẹta. Òjò oṣù Kẹfà àti ìkeje yàtọ̀. Òun kì í sábà mú irú ẹ̀fúùfù yìí dání, àkúnya omi ni iṣẹ́ tirẹ̀, bí irú èyí tó bo Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011.

Àwọn bàbá wa kò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó ń ṣáájú. Ọya ló ń lọ níwájú Ṣàǹgó. Ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè. Mo ti gbọ́ oríkì yẹn láti kékeré, mo sì ti ń kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì fún ọdún mẹ́rìnlá, mi ò so méjèèjì pọ̀ àfìgbà tí mo dúró lójú títì yẹn.

Wọ́n rán ojú orí ìyá àgbà náà lójú mẹ́fà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n di apá ọmọkùnrin náà. Ó ti ń fi kọ̀wé báyìí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ilé olóòkú lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ní irin Bọ̀dá mi ti gbó, irọ́ ni, mo bá a ra márùn-ún nínú wọn lọ́dún tó kọjá. Àwọn mìíràn bínú sí ẹni tó gba owó pé òun á dá òjò dúró. Èmi ò bá wọn dá sí i. Òjò ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún, òjò kọ́ ló sì ba nǹkan jẹ́. Èmi tí mo rí òkìtì yẹn ní nǹkan bí aago mẹ́ta, tí mo ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láti sọ̀rọ̀, èmi ni mo jẹ ìyá náà ní gbèsè, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo fẹ́ ẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a níṣẹ́ ní Ìwàyá, ìgbéyàwó. Bọ̀dá mi kò jẹ́ kí wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kánópì kankan, ó ní kí àwọn àlejò fara da oòrùn. Kí a tó sọ àga kan kalẹ̀, ó ti bá onílé tó wà níwájú sọ̀rọ̀ pé kó ṣí pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ han alága ìdúró. Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá, ó pè mí síta.

"Tíṣà, wá wo ọ̀hún."

Òkìtì ni. Ó ti ń dúdú nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ sí wa lẹ́yìn, àwọn èèyàn ṣì ń jẹun. Bọ̀dá mi lọ gba makirofóònù lọ́wọ́ alága, ó bẹ gbogbo wọn kí wọ́n gbé abọ́ wọn dání, kí wọ́n máa wọ inú pálọ̀. Àwọn kan kùn, wọ́n ní oòrùn ṣì ń ràn. Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ní, "Ẹ ká ẹsẹ̀ kánópì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ omi. Ìkẹfà la wà nígbà tí atẹ́gùn dákẹ́.